Àdúgbò Ló Ń Sọ Àlejò Di Ará Ìlú

Ìbéèrè kan wà tí àwọn òyìnbó tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń bi mí, pàápàá bí ìròyìn bá ti sọ̀rọ̀ àwọn tó ń fi ọkọ̀ ojú omi pẹ́ńpẹ́ wọ ìlú ọba: kí ló dé tí ẹ̀yin tí ẹ ti òkèèrè wá fi máa ń rọ́ lọ sójú kan náà? Wọn kì í fi ìkà bèèrè. Lójú tiwọn, ẹni tó bá fẹ́ di ará ìlú yẹ kó lọ máa gbé láàárín àwọn ọmọ ìlú, kó jẹ oúnjẹ wọn, kó gbọ́ èdè wọn, kó sì takété sí àwọn tirẹ̀ fún sáà kan. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Àmọ́ kò bá ohun tí mo fojú rí ní Ìbàdàn mu, kò bá ìtàn Èkó mu, kò sì bá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Peckham mu, níbi tí mo kọ́kọ́ balẹ̀ sí nígbà tí mo dé Lọ́ńdọ̀nù.

Mókólá ni wọ́n ti tọ́ mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sábó. Ọdún 1916 ni wọ́n ya ilẹ̀ Sábó sọ́tọ̀ fún àwọn Hausa tó ń ṣòwò ní Ìbàdàn. Lójú èmi ọmọdé, ibi tí súyà ti ń jáde ni, ibi tí àwọn àgbà ti ń ṣẹ́ dọ́là, ibi tí màmá mi kò fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú mi sí. Àwọn ọmọ Sábó tí a jọ ń lọ sílé ìwé gbọ́ èdè Ìbàdàn jù mí lọ, nítorí pé Ìjẹ̀ṣà ni ìyá mi, ohùn Ìjẹ̀ṣà kò sì kúrò lẹ́nu mi. Ọmọ Hausa ló ń fi ọmọ Yorùbá ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò gbọ́ Yorùbá dáadáa! Síbẹ̀ bí wọ́n bá délé, Hausa ni wọ́n ń sọ, mọ́ṣáláṣí tiwọn ni wọ́n ń lọ, bí ẹ̀gbọ́n wọn bá sì fẹ́ gbéyàwó, òkè lọ́hùn-ún ni wọ́n ti máa ń wá a.

Ìgbà tí mo ka ohun tí onímọ̀ kan, Abner Cohen, rí nígbà tó lọ gbé láàárín wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni ìdí rẹ̀ tó yé mi. Ẹni tó bá kó màlúù láti Òkè Ọya wá kò mọ alápatà kankan n'Ìbàdàn. Alápatà ní tirẹ̀ kò ní owó lọ́wọ́ tí yóò san lójú ẹsẹ̀. Máìgídá, bàbá onílé ní Sábó, ló ń gba olówò màlúù sílé, tó ń bọ́ ọ, tó ń bá a wá oníbàárà, tó sì ń dúró fún alápatà. Bí alápatà bá sá lọ, máìgídá ni yóò san gbèsè. Obì láti ilẹ̀ Yorùbá náà ń gba ọwọ́ wọn lọ sókè. Ìyẹn ni pé ohun tó mú kí Sábó dá yàtọ̀, èdè, ẹ̀sìn, ìgbéyàwó, òun gan-an ló jẹ́ kí Hausa àti Yorùbá lè bá ara wọn ná ọjà. Ká ní wọ́n ti tú wọn ká sínú gbogbo agbo ilé Ìbàdàn láti ìbẹ̀rẹ̀, ta ni ì bá dúró fún ta ni?

Mi ò sọ pé ìfẹ́ ń ṣàn bí omi. Ní oṣù Èrèlé 2021 ni ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ọjà Ṣáṣá, ní Ìbàdàn yìí kan náà, láàárín Hausa àti Yorùbá. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé àti ṣọ́ọ̀bù jóná, gómìnà ti ọjà pa. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ṣí i padà.

Èkó ni ẹ̀rí tó lágbára jù wà, ó sì máa ń yà mí lẹ́nu pé a kì í fojú ọ̀rọ̀ ogúnléndé wo ìtàn Erékùṣù Èkó. Láàárín bí ọgọ́ta ọdún péré, ẹ wo iye ènìyàn tó gbà. Àwọn Sàró ti Freetown dé: ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Ọ̀yọ́, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n kó lẹ́rú, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n ti kàwé, tí wọ́n ń wọ kóòtù, tí wọ́n sì ń jẹ́ Johnson àti Macaulay. Olówógbowó ni wọ́n kóra jọ sí. Àwọn Àgùdà dé láti Bahia ní Bùràsíìlì, púpọ̀ nínú wọn lẹ́yìn tí àwọn Mùsùlùmí, tí Yorùbá pọ̀ láàárín wọn, dìtẹ̀ ní Salvador ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1835, tí ìjọba ibẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fòòró gbogbo aláwọ̀ dúdú tó ti gba òmìnira. Pópó Àgùdà ni tiwọn. Ní 1862, àwọn tó bá Kòsọ́kọ́, ọba Èkó tí Gẹ̀ẹ́sì lé kúrò lórí oyè, sá lọ sí Ẹ̀pẹ́ padà wálé, wọ́n fún wọn ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Ní 1867, rògbòdìyàn Ìfọ́lé lé àwọn ọmọlẹ́yìn Kírísítì kúrò l'Ábẹ́òkúta, Glover, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì l'Èkó, sì fún wọn nílẹ̀ lókè odò, ní Èbúté Mẹ́ta. Àgọ́ Ẹ̀gbá ṣì wà níbẹ̀ títí dòní.

Kò sẹ́ni tó tú wọn ká. Olúkúlùkù ló mọ òpópónà tirẹ̀. Àwọn Àgùdà ń sọ Potogí nílé, wọ́n ń jọ́sìn níbi tí Kàtídírà Holy Cross wà lónìí, wọ́n ń fi orúkọ da Silva, Pereira, Cardoso àti Salvador pe ara wọn. Ní àwọn ọdún 1880, wọ́n ti tó bí i 3,000 ní Èkó. Ẹni tó bá rí wọn nígbà náà lè sọ pé àwọn wọ̀nyí kò ní í di ará Èkó láéláé.

Ṣùgbọ́n bírikìlà ni wọ́n, káfíńtà ni wọ́n, télọ̀ ni wọ́n. Ohun tí Èkó ń wá wà lọ́wọ́ wọn. Mohammed Shitta, Sàró tí wọ́n bí sí Waterloo ní Sierra Leone, fẹ́ kọ́ mọ́ṣáláṣí ńlá fún àwọn Mùsùlùmí Èkó. João Baptista da Costa, Àgùdà, ló bá a kọ́ ọ. Ní 1894 tí wọ́n ṣí i, Sultan ilẹ̀ Tọ́kì fi oyè Bey dá Shitta lọ́lá, a sì ń pè é ní Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey títí di òní. Owó Sàró, ọwọ́ Àgùdà, ìrun Èkó. Nígbà tí owó kòkó wá dé, àwọn ọlọ́rọ̀ Ìjẹ̀bú-Òde, Ìbàdàn àti Iléṣà ń wá ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bíi ti Àgùdà, pẹ̀lú fèrèsé rẹ̀ àti òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe sára ògiri. Onílé ló wá ń kọ́ àṣà lọ́wọ́ àlejò. Títí di báyìí, bí Gúdì Fúráídè bá dé, ọ̀pọ̀ ilé ní Èkó tí kò ní ìbátan kankan ní Bùràsíìlì ló ń se fùréjọ̀n, ẹ̀wà tí wọ́n fi omi àgbọn sè, wọ́n á sì bínú sí ẹ bí o bá ní oúnjẹ àjèjì ni. Nígbà àjọ̀dún Fanti, Campos á jáde, Láfíàjí á jáde, Òkè Pópó á jáde, Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó á jáde. Àdúgbò tó jẹ́ ti ogúnléndé tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń fi yangàn lónìí pé ọmọ Èkó pọ́ńbélé ni àwọn. (Pẹ̀lú gbogbo èyí náà, wọ́n wó Ilé Ìlọ́jọ̀ ní Tinúbú ní 2016, ilé Àgùdà tí ó ti wà láti 1855, tí ìjọba àpapọ̀ sì ti kà mọ́ ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn, inú mi kò tíì rọ̀.)

Ẹni tó bá rò pé àṣà àti èdè kan náà ló ń mú kí àlejò wọlé, kó wo Ilé-Ifẹ̀. Yorùbá ni àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ogun lé dé Ifẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Yorùbá ni Ifẹ̀. Ọ̀ọ̀ni Abéwéilá ló fún wọn ní Modákẹ́kẹ́ láti máa gbé, ní nǹkan bí 1847. Ilẹ̀ oko ni ọ̀rọ̀ wá dá lé: ìṣákọ́lẹ̀ ni wọ́n ń san, ta ló sì ni ilẹ̀, ta ni àyálégbé, ọ̀rọ̀ náà kò tán. Ìjà bẹ́ lóríṣìíríṣìí ìgbà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1997 sì pa ènìyàn títí wọ 2000. Ọ̀rọ̀ yẹn ní apá púpọ̀, mi ò sì jókòó láti dá ẹjọ́ rẹ̀. Ohun tí mo ń wò ni pé Àgùdà tó ń sọ Potogí di ará Èkó láàárín ìran méjì tàbí mẹ́ta, àmọ́ lẹ́yìn 150 ọdún, àwọn kan ṣì ń pe ọmọ Ọ̀yọ́ ní àlejò n'Ífẹ̀. Àgùdà ní ilẹ̀ tó jẹ́ tirẹ̀, tó lè kọ́lé sí, tó lè tà, tó lè fi sílẹ̀ fún ọmọ. Ohun tí mo fi ń wọn àdúgbò nìyẹn láti ìgbà náà: ṣé ohun tí onílé ń wá wà lọ́wọ́ àlejò, ṣé ẹsẹ̀ àlejò sì múlẹ̀ níbi tó dúró sí?

Ẹ jẹ́ ká padà sí Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n màmá mi ni mo dé sí, Mọ́mì Peckham ni gbogbo ẹbí ń pè é. Àlejò lójú, kò fi ríran. Mọ́mì Peckham ló yá mi ní ojú. Òun ló sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà àdúgbò, ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ fi lẹ́tà káńsù sílẹ̀ láì dá a lóhùn, bí òyìnbó ṣe ń sọ pé rárá láì la ẹnu sọ pé rárá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ṣe ìmọ́tótó ní báńkì ló mú mi lọ síbi iṣẹ́ àkọ́kọ́. Púpọ̀ nínú ohun tí mo mọ̀ nípa ìwà Gẹ̀ẹ́sì, ẹnu Yorùbá ni mo ti gbọ́ ọ, ní èdè Yorùbá, nídìí èlùbọ́ tí a ń rò.

Rye Lane, òpópónà ọjà Peckham, kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Suzanne Hall, olùkọ́ kan ní yunifásítì LSE ní Lọ́ńdọ̀nù, ka àwọn ṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ pẹ̀lú àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní nǹkan bí 2012, wọ́n sì rí i pé orílẹ̀-èdè tó lé ní 20 ni àwọn oníṣọ́ọ̀bù ti wá. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n pín sí wẹ́wẹ́: ẹni kan ń ta ẹran lẹ́yìn, ẹni kan ń tún fóònù ṣe lẹ́nu ọ̀nà, ẹni kan ń fi owó ránṣẹ́ sílé ní igun, obìnrin kan sì yá àga kan láti máa fi kan èékánná. Ọmọ Afghanistan ni ẹlẹ́ran mi. Bí mo bá wọlé, á ní, "Mọ́mì, ẹ káàárọ̀ o, ṣàkì ni àbí pọ̀nmọ́?" Ó mọ pánla, ó mọ bọ̀kọ̀tọ̀, ó mọ pé bí mo bá sọ pé ó wọ́n, kì í ṣe pé mo ń lọ. Wọ́n ń bi wá bóyá àwọn àlejò ń darapọ̀ mọ́ àwùjọ. Ọkùnrin yìí ti darapọ̀. Mọ́ ta ni? Mọ́ èmi ni! Yorùbá tó gbọ́ fi díẹ̀ ju ti àwọn ọmọ mi tí a bí síbí lọ. Ìjọba lè ro pé Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wa ń rìn lọ bá, àmọ́ ẹni tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ ni wàá kọ́kọ́ bá pàdé.

Àdúgbò náà ní ẹ̀gún. Mo mọ ẹni tó ti lé ní ogún ọdún ní Peckham tí kò lè fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé àìsàn ara rẹ̀ fún dókítà, torí pé ó rí Yorùbá lọ́jà, ó rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó rí i níbi iṣẹ́. Ọ̀gá ọmọ ìlú ẹni sì lè san owó iṣẹ́ tí kò tó nǹkan fún ẹni tí kò mọ ibòmíràn. Ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ilé náà wà níbẹ̀. North Peckham Estate, ilé káńsù ìgbà náà, ní ọ̀nà gbọọrọ lókè, tó so ilé mọ́ ilé, tó kún fún kọ̀rọ̀ tí ojú ẹnikẹ́ni kò tó. Lórí àtẹ̀gùn kan níbẹ̀ ni Damilola Taylor, ọmọ ọdún 10, kú sí ní ọjọ́ 27 oṣù Bélú 2000, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tó ti Èkó dé. Wọ́n ti ń wó ẹ́sítéètì náà lọ́wọ́ nígbà yẹn.

Ṣùgbọ́n a ti dán ìdàkejì wò, àwa Yorùbá gan-an. Láti àwọn ọdún 1950, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tó wá kàwé ní ìlú ọba kò rí ilé gbà pẹ̀lú ọmọ, kò sì sí ìyá àgbà nítòsí. Wọ́n ń polówó nínú ìwé ìròyìn Nursery World, wọ́n sì ń fi ọmọ sọ́dọ̀ ìdílé òyìnbó ní Kent, ní Essex, ní Sussex, wọ́n ń sanwó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ló gba ọ̀nà yẹn. Bí ìmọ̀ràn àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bá tọ̀nà, àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ló yẹ kí wọ́n di ará ìlú jù: òyìnbó nílé, òyìnbó níta, kò sí ẹni tí yóò sọ Yorùbá sí wọn létí. Àwọn kan rí ìfẹ́ gidi, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ti Adewale Akinnuoye-Agbaje, òṣèré tí ọ̀pọ̀ yín mọ̀, tí wọ́n tọ́ ní Tilbury. Ọmọ dúdú ni láàárín àwọn tó kórìíra dúdú; nígbà tó yá ó bá àwọn tó ń lù ú wẹgbẹ́, ó wá ń kórìíra ara rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, ó sì ti fi ṣe fíìmù.

Ìjọba náà dán an wò pẹ̀lú àwọn tó wá ibi ìsádi. Lẹ́yìn òfin ibi ìsádi ti 1999, bí o bá fẹ́ kí wọ́n fún ọ nílé, ibi tí wọ́n bá gbé ọ lọ ni wàá gbà. Wọn kò gbà kí ọ̀pọ̀ wọn ṣiṣẹ́, owó oúnjẹ kò sì tó 50 pọ́ùn lọ́sẹ̀. Wọ́n kó púpọ̀ lọ sí Glasgow, sínú àwọn ilé gogoro Sighthill tí àwọn ará ìlú ń sá kúrò níbẹ̀. Àwọn aládùúgbò tí káńsù ti gbàgbé láti ọjọ́ pípẹ́ ń wò bí wọ́n ṣe ń gbé bẹ́ẹ̀dì àti àga tuntun wọ ilé àwọn àlejò. Ní oṣù Ògún 2001, wọ́n gún ọ̀dọ́mọkùnrin Kurd kan, Firsat Dag, pa níbẹ̀.

Ìlú yẹn kan náà ni nǹkan ti yí padà, mi ò sì rò pé ìwé ìlànà ìjọba kankan ló yí i. Àtẹ̀gùn ni, ẹ̀rọ agbéniròkè tó ń bàjẹ́ ní gbogbo ìgbà ni, ẹnu ọ̀nà ilé ìwé ni. Ọmọ Kòsófò, ọmọ Sòmálíà àti ọmọ Glasgow jókòó sórí bẹ́ńṣì kan. Ní 2005, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń jí wọ ilé láàárọ̀ kùtù láti kó ìdílé lọ, àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé Drumchapel fa ọ̀rọ̀ náà dé iwájú olórí ìjọba Scotland nítorí ọ̀rẹ́ wọn tí wọ́n mú. Ní àwọn ilé gogoro Kingsway, àwọn ìyá àgbà aláwọ̀ funfun ń jí ní ìdájí láti ṣọ́nà, kí wọ́n lè ta àwọn aládùúgbò wọn lólobó. Ní ọjọ́ 13 oṣù Èbìbí 2021, ọjọ́ ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá mú ọkùnrin méjì ní Kenmure Street. Ọkùnrin kan wọ abẹ́ ọkọ̀ wọn, ó sùn síbẹ̀. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún aládùúgbò jókòó yí ọkọ̀ ká fún wákàtí tó tó mẹ́jọ, títí ọlọ́pàá fi ní kí wọ́n tú wọn sílẹ̀. Pollokshields ni òpópónà yẹn wà, àdúgbò tí àwọn ará Pakistan ti ń gbé fún ìran mélòó kan, tí wọ́n ní ilé, tí wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù. Kò yà mí lẹ́nu pé ibẹ̀ ló ti ṣẹlẹ̀.

Èmi ti kó kúrò ní Peckham. Kent ni mo ń gbé báyìí, torí owó ilé. Àwọn aládùúgbò mi níwà, wọ́n ń kí mi, wọ́n ń bá mi gbé ike ìdọ̀tí wọlé bí mi ò bá sí nílé. Ọ̀rọ̀ wa kò tíì kọjá ojú ọjọ́. Òpópónà wa kò ní ọjà, kò ní ohun tí ẹnikẹ́ni ń wá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ ará Peckham ló ti gba Thamesmead, Dartford àti Grays lọ. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin Overground ti so Peckham Rye mọ́ àwọn apá ibòmíràn nínú ìlú ní 2012, ṣọ́ọ̀bù kọfí ń gba ipò onídìrí, owó àyágbé sì ń gòkè.

Old Kent Road, òpópónà ńlá tó wà nítòsí Peckham, ló tún kàn. Káńsù Southwark, tí Peckham wà lábẹ́ rẹ̀, ní ètò láti kọ́ ilé 20,000 síbẹ̀. Ilé ìkẹ́rù àti ilé iṣẹ́ àtijọ́ ló kún ọ̀nà náà, inú wọn sì ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa wà. Nígbà tí àwọn olùwádìí Yunifásítì Roehampton ka ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aláwọ̀ dúdú ní Southwark ní 2013, 240 ni wọ́n bá. Púpọ̀ nínú wọn ló ń háyà.

Lọ́dọọdún ni káńsù ń náwó sórí ayẹyẹ àṣà: ìlù, ijó, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù nínú abọ́ páálí. Mi ò kọ jọ̀lọ́ọ̀fù. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi mí, màá ní kí wọ́n kó owó yẹn, kí wọ́n fi ra díẹ̀ nínú àwọn ilé Rye Lane, kí wọ́n sì fi háyà fún àwọn tó ń tajà níbẹ̀ fún ogún ọdún, ní owó tí apá wọn ká, pẹ̀lú ìwé tó dúró lábẹ́ òfin. Ìwé ti ẹlẹ́ran mi yóò parí lọ́dún tó ń bọ̀, ẹni tó ni ilé kò sì tíì sọ fún un bóyá òun yóò tún un ṣe.